Ìdí tí VCD fi gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa tí Blu-ray kò fi rọ́nà wọlé, àti ohun tí ó yẹ kí ẹ fi àwọn àwo yín ṣe

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogi: “Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń yá àwọn ènìyàn ní fíìmù nígbà kan, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí dé ayé àwo. Páálí àwo ṣì kún yàrá kan nínú ilé mi. Fíìmù ni àwọn kan. Àwọn yòókù jẹ́ ìnáwó ẹbí wa, ìgbéyàwó àwọn ọmọ mi àti ìsìnkú bàbá wọn. Ẹ̀rọ mi ti kọṣẹ́. Ọmọ mi tí ó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ fi ẹ̀rọ Blu-ray ránṣẹ́ sí mi, ó ní kò sí èyí tí ó dára tó o. Bí ó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò rí i kí wọ́n máa tà á káàkiri ní Ìsánlú tàbí ní Kàbà? Ṣé kí n jẹ́ kí ó rà á?”

Okun o, ìyá wa. Inú mi dùn pé ẹ kò tíì kó àwọn páálí wọ̀nyẹn dà sí ààtàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí ó gbẹ̀yìn: ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó ṣì dáwọ́ owó rẹ̀ dúró. Òótọ́ ni ó sọ pé nínú gbogbo àwo fídíò tí wọ́n ti tà fún ìlò ilé, kò sí èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ tó ti Blu-ray. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó bá rà níbẹ̀ lè kọ̀ láti ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwo tí ó wà ní yàrá yín, èyí tí ó bá sì kà kò ní mọ́ ju bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ lọ. Ní ti ìdí tí kò fi gbilẹ̀ ní Kàbà, àlàyé rẹ̀ gùn díẹ̀, nítorí pé láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe àwo fídíò, kò tíì sí ìgbà kan tí dídára àwòrán nìkan dá ẹjọ́ náà. Iye tí ẹ̀rọ ń jẹ, bóyá fíìmù tí ènìyàn ń wá wà lórí irú àwo náà, bóyá aládùúgbò ní irú ẹ̀rọ kan náà tí wọn yóò fi lè máa yá ara wọn ní àwo, àti bí ẹ̀rọ náà ṣe ń fara da iná àti eruku, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń pinnu.

Àwo fídíò ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ ta LaserDisc ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ ọwọ́ iléeṣẹ́ Philips àti MCA. Ó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ntímítà, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ ju ti kásẹ́ẹ̀tì VHS lọ dáadáa. Síbẹ̀, VHS tí iléeṣẹ́ JVC gbé jáde ní Jàpáànù ní ọdún 1976 ni ó gba ilé àwọn ènìyàn, nítorí pé kásẹ́ẹ̀tì ṣeé fi gba ètò orí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, LaserDisc kò sì lè gba ohunkóhun sílẹ̀. Ojú kan rẹ̀ kò tún lè gbà ju wákàtí kan lọ, nítorí náà ẹni tí ó ń wo fíìmù ní láti dìde yí àwo padà. Iléeṣẹ́ RCA gbé tirẹ̀ jáde ní ọdún 1981, wọ́n pè é ní CED, abẹ́rẹ́ ni ó sì ń kà á gẹ́gẹ́ bí àwo orin àtijọ́. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1984 wọ́n ti dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, owó tí wọ́n sì pàdánù lé ní ìdajì bílíọ̀nù dọ́là.

VCD ni ó kàn wá jù, nítorí náà n ó dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1993 ni Philips, Sony, Matsushita àti JVC fẹnu kò lórí ìlànà rẹ̀. Síìdì kan náà tí a fi ń gbọ́ orin láti ọdún 1982 ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún fídíò pọ̀ títí ó fi lè wọ inú rẹ̀, ó sì ń gbà tó ìṣẹ́jú 74. Ìdí nìyẹn tí fíìmù wákàtí méjì fi máa ń wà lórí àwo méjì, tí àwọn oníbàárà yín fi máa ń dá ọ̀kan padà tí wọn yóò gbàgbé ìkejì sílé. Àwòrán rẹ̀ kò ju àmì kéékèèké 352 ní ìbú àti 288 ní òró lọ ní ìwọ̀n tí tẹlifíṣọ̀n tiwa ń lò, kò sì sàn ju kásẹ́ẹ̀tì tí ó dára lọ. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú fíìmù tàbí tí ijó bá gbóná, ẹ óò rí i tí àwòrán ń já sí igun mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ilẹ̀ Ṣáínà àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ni wọ́n gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ti ń wọ ọjà Alaba ní Èkó, tí ó sì ń ti Èkó gba Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́jà dé ọ̀dọ̀ wa.

Kì í ṣe owó nìkan ni ó jẹ́ kí ó bá wa lára mu. Ẹ̀yin náà tí ẹ ti lo kásẹ́ẹ̀tì mọ bí ó ti máa ń rí lákòókò ọyẹ́: eruku yóò bo orí tí ń ka téèpù, àwòrán yóò di yìnyín, ẹ óò sì máa fi kásẹ́ẹ̀tì ìfọrí wá nǹkan kan ṣe sí i. Bí iná bá lọ láàrin fíìmù, kásẹ́ẹ̀tì yóò há sínú ẹ̀rọ títí iná yóò fi dé, nígbà mìíràn téèpù rẹ̀ yóò ti ká lọ́rùn. Nínú ẹ̀rọ VCD, ìtànṣán lésà ni ó ń ka àwo, kò sí ohun tí ó ń fara kan ojú rẹ̀, nítorí náà àwo tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ti yá kì í tìtorí wíwò gbó bí téèpù ṣe ń gbó. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ Ṣáínà wọ̀nyẹn tún ń ṣiṣẹ́ lórí iná tí kò lágbára, irú èyí tí ó máa ń mú kí gílóòbù pọ́n bí ẹyin iná, èyí tí àwọn déèkì ńláńlá kò lè fara dà. Ẹni tí ó bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré lè wo fíìmù méjì láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àdàkọ, èyí tí mo gbà pé ó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ. Bí màkẹ́tà bá fẹ́ da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ, ó ní láti jẹ́ kí ó sáré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: wákàtí méjì fún fíìmù wákàtí méjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń to déèkì jọ rẹpẹtẹ. Ẹ̀rọ tí ó ń tẹ àwo kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ lórí ẹyọ kan. Fíìmù lè jáde ní Èkó ní ọjọ́ Ajé kí ó sì ti wà lórí àtẹ ní Kàbà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣùgbọ́n VCD kò ní àgádágodo kankan, kò sì ní ààlà ilẹ̀ tí wọ́n fi dè é, nítorí náà ohun tí ó sáré bá àwọn màkẹ́tà ṣiṣẹ́ náà ni ó sáré bá àwọn olè àdàkọ ṣiṣẹ́. Ó dùn mí gidigidi pé àwọn òṣèré àti olùdarí tí wọ́n fi òógùn wọn kọ́ iléeṣẹ́ fíìmù wa ni wọ́n san owó ìrọ̀rùn yẹn. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn bí VCD ṣe gbilẹ̀ tí kò mẹ́nu kan àdàkọ, kò sọ ìdajì rẹ̀.

Ọ̀nà ìrẹ́pọ̀ ni DVD gbà dé ní tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, ìlànà méjì ni ó ń bá ara wọn jà: Sony àti Philips ní tiwọn, Toshiba àti Time Warner pẹ̀lú àwọn alájọṣe wọn ní tiwọn. Àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí IBM ṣíwájú wọn, sọ pé àwọn kò ní gba méjì, ìfẹnukò sì wáyé kí ọdún náà tó parí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996 ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà lórí àtẹ ní Jàpáànù, ó sì dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1997. Nítorí pé ìlànà kan ṣoṣo ni, kò sí ohun tí oníbàárà ń bẹ̀rù. Ó kéré bíi síìdì, kò nílò kí ènìyàn yí i padà sẹ́yìn bíi kásẹ́ẹ̀tì, gígábáìtì 4.7 ni ó sì ń gbà lórí ìpele kan, èyí tí ó tó gbogbo fíìmù kan pẹ̀lú àwòrán tí ó mọ́ kedere. Ṣọ́ọ̀bù ńlá Circuit City ní Amẹ́ríkà gbìyànjú láti dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1998, wọ́n pè é ní DIVX: ènìyàn yóò ra àwo náà, wákàtí 48 péré ni yóò sì fi lè wò ó kí ó tó san owó mìíràn, ẹ̀rọ rẹ̀ a sì máa pe iléeṣẹ́ náà lórí wáyà tẹlifóònù láti ròyìn. Àwọn ènìyàn kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1999 ó ti wọlẹ̀.

Nígbà tí DVD dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí a fi ṣe yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ní òkè òkun, gígábáìtì 4.7 yẹn jẹ́ ààyè fún àwòrán tí ó mọ́. Lọ́dọ̀ wa, ó di ààyè fún fíìmù púpọ̀. Àwo kan tí ó lè gba ohun tí ó wà lórí VCD mẹ́fà, tí ó sì lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá fún wọn pọ̀ sí i, ni àwọn olè àdàkọ kó fíìmù ogún sí, tí wọ́n ya fọ́tò gbogbo àwọn òṣèré sára páálí rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹ rántí àwọn àwo náà, àti ohun tí wọ́n ṣe fún ọjà yín: ta ni yóò yá fíìmù kan lọ́wọ́ yín nígbà tí ó lè ra ogún ní iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba? N kò dá àwọn tí ó rà wọ́n lẹ́jọ́ púpọ̀. Wọ́n ra ohun tí tẹlifíṣọ̀n wọn lè fi hàn, nítorí pé lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré onígò, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ láàrin DVD gidi àti VCD.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n yìí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ Blu-ray. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ alàwòrán gíga bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ ní òkè òkun, wọ́n nílò àwo tí yóò gbà jù DVD lọ. Lésà pupa ni ó ń ka DVD. Èyí tí ó súnmọ́ àwọ̀ aró ni wọ́n lò fún àwọn tuntun, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní bírò ẹlẹ́nu tín-ín-rín ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí tákàdá kan náà. Ìjà tí wọ́n yẹra fún ní ọdún 1995 wá bẹ́ sílẹ̀. Toshiba gbé HD DVD jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2006, ó ń gba gígábáìtì 15 lórí ìpele kan. Blu-ray ti Sony àti àwọn alájọṣe rẹ̀ tẹ̀ lé e ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹfà, ó ń gba 25. Àwọn iléeṣẹ́ sinimá pín sí méjì, débi pé ẹni tí ó ra ẹ̀rọ kan kò lè wo fíìmù apá kejì. Ohun tí àwọn oníbàárà ṣe sí i bọ́gbọ́n mu: ọ̀pọ̀ jókòó ti DVD wọn, wọ́n ń wo ẹni tí yóò ṣubú. Sony fi ẹ̀rọ Blu-ray sínú ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3 ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, nítorí náà àìmọye ilé ti ní in láìjẹ́ pé wọ́n ń wá a. Nígbà tí iléeṣẹ́ Warner kéde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2008 pé Blu-ray nìkan ni àwọn yóò máa ṣe, ọ̀rọ̀ parí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún náà, Toshiba jáwọ́.

Blu-ray borí, ṣùgbọ́n àkókò ti lọ. DVD ti fi ìrọ̀rùn púpọ̀ lé ti kásẹ́ẹ̀tì. Àwòrán nìkan ni Blu-ray fi lé ti DVD, ó sì ń béèrè tẹlifíṣọ̀n tuntun kí ìyàtọ̀ náà tó hàn. Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í tẹ fíìmù Yorùbá sórí Blu-ray, àgádágodo rẹ̀ le, owó rẹ̀ sì ga. Ohun tí ó rọ́pò àwo ní ìwọ̀-oòrùn Kogi kéré ju àwo lọ: mẹ́mórì káàdì inú fóònù àti fláàṣì tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀bá ọ̀nà ń kó fíìmù sí fún ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni íntánẹ́ẹ̀tì: iROKOtv bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, Netflix sì ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016. Ní òkè òkun pàápàá wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Netflix dáwọ́ fífi DVD ránṣẹ́ sílé àwọn ènìyàn dúró ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Sony sì dáwọ́ ṣíṣe Blu-ray òfìfo dúró ní oṣù Kejì ọdún 2025.

Nípa ẹ̀rọ tí ọmọ yín fẹ́ rà, ohun tí ó lè dí i lọ́wọ́ pọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Blu-ray kì í ka VCD rárá, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ka síìdì orin; àwọn tí ó ṣe é ni kò fi ètò rẹ̀ sí i. DVD ní ààlà ilẹ̀ tirẹ̀: Amẹ́ríkà wà ní ìpín 1, Nàìjíríà wà ní ìpín 5, nítorí náà ẹ̀rọ ibẹ̀ lè kọ DVD tí wọ́n fi ààlà dè fún ìpín tiwa. Àwọn àwo tí oníkámẹ́rà fúnra rẹ̀ kọ kò ní ààlà yìí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n PAL tí tẹlifíṣọ̀n wa ń lò ni wọ́n fi gba ọ̀pọ̀ wọn sílẹ̀, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà mìíràn kò sì fẹ́ràn PAL. Iná ibẹ̀ jẹ́ fólítì 120, tiwa jẹ́ 230. Bí a kò bá kọ 100 sí 240 sẹ́yìn ẹ̀rọ, kíkì í bọ ògiri lẹ́ẹ̀kan ti tó láti jó o.

Ẹ̀rọ tí ẹ nílò kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀: kọ̀ǹpútà tí ó ní ojú àwo, ìyẹn ibi tí a ń ki àwo bọ̀ kí ó lè kà á, tàbí èyí tí wọ́n fi USB so àpótí tí ń ka DVD mọ́, pẹ̀lú háàdì díráìfù kan. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò béèrè iná tirẹ̀, ó sì ń ka VCD àti DVD. Háàdì díráìfù tẹ́ráábáìtì kan yóò gba VCD tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tàbí nǹkan bíi igba DVD tí ó kún. Bí ọmọ yín bá fẹ́ náwó, ibẹ̀ ni kí ó ná an sí.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwọn ti ẹbí sọ́tọ̀, kí ẹ sì yí wọn padà kí ẹ lè wo ìsàlẹ̀ wọn. Àwo tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun bíi fàdákà ni wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá tẹ̀; èyí tí ó ní àwọ̀ ewé, aró tàbí elésè àlùkò ni wọ́n fi lésà kọ sára aró inú rẹ̀, oòrùn àti ooru a sì máa ba aró náà jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ óò kọ́kọ́ dà kọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé inú wọn ni ìsìnkú bàbá àti ìgbéyàwó àwọn ọmọ wà. Fíìmù tí wọ́n tẹ̀ ní Èkó lè dúró dè yín, ẹlòmíràn sì tún lè ní in. Ṣùgbọ́n ìsìnkú àgbàlagbà tí wọ́n fi aṣọ ipo, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú ń hun, ṣe ẹ̀yẹ fún, pẹ̀lú ohùn àwọn tí wọ́n kọrin níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ ní in.

Ẹ fi òwú tútù rírọ̀ nu àwo láti àárín lọ sí etí ní tààrà, ẹ má ṣe nù ún yípo, nítorí pé ìlà tí ó bá tẹ̀ lé ọ̀nà tí lésà ń gbà ni ó máa ń ṣe ìparun jù. Ẹ ṣọ́ òkè VCD ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ: abẹ́ àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sí òkè gan-an ni ohun tí a kọ wà, bí bírò bá ha ibẹ̀, kò sí àtúnṣe. Ti DVD wà láàárín ìpele ike méjì, ó fara balẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá ṣí VCD lórí kọ̀ǹpútà, ẹ óò rí fódà kan tí wọ́n pè ní MPEGAV, fídíò ni ohun tí orúkọ rẹ̀ parí sí DAT nínú rẹ̀. Ti DVD wà nínú VIDEO_TS. Ẹ kó wọn bí wọ́n ṣe wà, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tún wọn fún pọ̀ nítorí kí wọ́n lè kéré, nítorí pé ohun tí ó bá sọnù níbẹ̀ kò ní padà. Ètò VLC, tí kò gba owó, yóò fi wọ́n hàn. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ìkejì má sì sí ní Ìsánlú. Ní ti fíìmù àwọn oníṣẹ́, ẹ pa wọ́n mọ́ fún ara yín. Òfin kò gbà kí ẹ da wọ́n kọ fún títà.

Àwo kan tàbí méjì yóò kọ̀. Ẹ má jù wọ́n nù nítorí pé ojú àwo kan kọ̀ wọ́n, nítorí pé lésà inú àwọn ẹ̀rọ kò lágbára bákan náà. Ẹ gbé wọn lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Bí ibẹ̀ náà bá kọ̀, ẹ wá ẹni tí ó mọ ètò ìgbàlà àwo lò, èyí tí ó máa ń kó gbogbo apá tí ó ṣeé kà jáde tí yóò sì fò èyí tí ó bàjẹ́ dá. VCD ní àǹfààní kan níhìn-ín: bí apá kékeré kan bá sọnù, àwòrán yóò já sí igun mẹ́rin fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, fídíò náà yóò sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.